Sáńdà Lẹ́yìn Etí

Tí Sèlíátù bá ń kọjá nínú ọjà Bouaké ní Ivory Coast, imú ló ń kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n kí ojú tó rí i. Òróró sáńdà ni. Kì í ṣe lọ́fíndà òde òní tí í pariwo láti ìta kí ẹni tó fín in tó wọlé o! Sáńdà ní sùúrù. Á rọra jókòó sára èèyàn, bí ara bá ṣe ń móoru ni yóò máa jáde. Bí ẹ fọ gèlè tán, ẹ ṣì máa bá a níbẹ̀.

Abọ́ ni Sèlíátù ń tà, ṣùgbọ́n wíwẹ òkú obìnrin ni gbogbo Anago, ìyẹn àwọn Yorùbá ìlú náà, mọ̀ ọ́n mọ́. Ìyàwó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé ni nígbà tó kọ́kọ́ wẹ òkú. Nígbà tó délé, ó ń fọ ọwọ́ ní àfọ̀túnfọ̀. Ìyá kan, Dioula ọmọ ilẹ̀ náà, tó ni ilé tí wọ́n ń gbé, ló fi sáńdà pa á lọ́wọ́, ó ní, "Máa gbóòórùn èyí. Ọkàn rẹ á balẹ̀." Ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ lóòótọ́. Láti ìgbà náà, bó ṣe ń fi í pa òkú lára ló ń fi í pa ara tirẹ̀.

Ni àwọn èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún un. Ẹni tó bá gbóòórùn sáńdà nínú takisí á béèrè ẹni tó kú. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́jà a máa kígbe pé, "Sèlíátù, ẹ̀yìn ni kó o gbà o, èmi ò tíì ṣetán!" Wọn á rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ń dùn ún. Ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di òórùn ikú!

Màrdíyyàh ọ̀rẹ́ rẹ̀ nìkan ni kì í sá. Wọ́n jọ ti ilé wá ni. Tí Màrdíyyàh bá rí i, á fa gèlè rẹ̀ símú, á ní, "Jẹ́ n jẹ tèmi níbẹ̀." Nígbà tí àìsàn wá dá Màrdíyyàh dùbúlẹ̀ ní àdúgbò N'Gattakro, Sèlíátù ò jẹ́ kí ọjọ́ kan kọjá kó má yọjú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Nafi, ọmọ Màrdíyyàh, dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ojú ọmọ náà ti wú.

"Tàntí, ẹ má bínú. Dókítà ní kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe mọ́. Màmá ò mọ̀, a ò sì fẹ́ kí wọ́n mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi sáńdà yìí wọlé. Ẹ̀rù á bà wọ́n."

Ọ̀rọ̀ náà gún Sèlíátù lọ́kàn, àmọ́ kí ló fẹ́ sọ? Ó padà sílé, ó fi kànìnkànìn họ ara bí ẹni họ iṣu. Ó yá aṣọ lọ́wọ́ aládùúgbò, nítorí kò sí èyí tí sáńdà ò tíì wọ̀ nínú àpótí tirẹ̀.

Nígbà tó padà dé, Màrdíyyàh dijú. Sèlíátù jókòó tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni. Sèlíátù."

Màrdíyyàh fa afẹ́fẹ́ símú. Ó tún fà á. Ó wá lajú, ó tẹjú mọ́ ọn.

"Sáńdà rẹ dà?"

Sèlíátù wo ẹnu ọ̀nà, níbi tí Nafi dúró sí.

"Ó ti tó bẹ́ẹ̀," ni Màrdíyyàh wí. "Wọ́n ti sọ fún ẹ."

Nafi bú sẹ́kún lẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Sèlíátù, ṣebí ìwọ náà ló máa wẹ̀ mí? Wàá wá fi í pa mí lára nígbà tí mi ò ní gbóòórùn rẹ̀ mọ́. Ṣé ìyẹn wá dáa? Lọ gbé e wá."

Sèlíátù lọ gbé e wá. Ó da díẹ̀ sọ́wọ́, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ọwọ́ náà sì gba ibi tó ti mọ́ ọn lára lọ, iwájú orí, níbi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ fún òkú. Màrdíyyàh gbá a mú.

"Háà! Kì í ṣe ibẹ̀. Ìyẹn di ọjọ́ mìíràn. Ẹ̀yìn etí ni wọ́n ń fi í sí fún ìyàwó."

Ó fi í sí ẹ̀yìn etí méjèèjì. Màrdíyyàh fà á símú, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kí Nafi náà sún mọ́ òun kó wá gbóòórùn.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ò parí tí ọlọ́jọ́ fi dé. Sèlíátù ló wẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀, Nafi ń bu omi. Ó fi sáńdà sí iwájú orí, imú, àtẹ́lẹwọ́, orúnkún àti ẹsẹ̀, bí ẹ̀sìn ti wí. Ó ti nawọ́ sí aṣọ funfun tí wọ́n fẹ́ fi dì í, kí Nafi tó di apá rẹ̀ mú.

"Tàntí, ẹ̀yìn etí ńkọ́?"