Eré Bojúbojú ní Àbà Akínṣọlá

Láti ìgbà tí Olúyẹ́misí ti ń ṣiṣẹ́ ní káńsù, ọ̀kadà ló ń gbé e kiri. Ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé ló wà, Àǹtí Wẹ́fíà sì ni wọ́n ń pè é láti ìkóríta Ọ̀rẹ̀ títí wọ inú àwọn àbà ẹ̀yìn Omífunfun. Ọmọ Ìwó ni. Nígbà tí wọ́n gbé iṣẹ́ rẹ̀ wá sí ìhà ibí, ó rò pé fún ìgbà díẹ̀ ni. Ọkọ rẹ̀ kú, àwọn ọmọ rẹ̀ dàgbà, wọ́n bá tiwọn lọ, yàrá kan tó gbà lẹ́yìn gáréèjì ló wá di ilé. Bí ẹ bá bi í léèrè ohun tó rí kó jọ nídìí iṣẹ́ ìjọba, ojúgun ni yóò nà sí yín kí ẹ wo àpá ibi tí sálẹ́ńsà ọ̀kadà ti jó o.

Àbà Akínṣọlá ló jẹ ẹ́ lógún jù. Àwọn àjèjì tó ń dáko kòkó ló ń gbé ibẹ̀, ará Ìkirè, ará Ìrágbìjí, ará Ṣakí. Kòkó wọn ń gba Ọ̀rẹ̀ kọjá lọ di owó níbòmíràn, ṣùgbọ́n ẹni tí a fi orí rẹ̀ fọ́ àgbọn kì í jẹ níbẹ̀. Kò sí ilé ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ wọn. Ọ̀nà ọkọ̀ yípo, ó jìn fún ọmọdé; ọmọ tó bá fẹ́ kàwé ní láti la odò kọjá lọ sí Omífunfun, bẹ́ẹ̀ ni odò náà gbé ọmọ kan tó ń jẹ́ Tàófíìk lọ nígbà òjò, tòun ti báàgì ìwé lẹ́yìn rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, àwọn ìyá a kó ọmọ wọn jókòó sílé. Ta ló fẹ́ dá wọn lẹ́bi? Olúyẹ́misí wà lára àwọn tó wá òkú ọmọ náà létí odò. Ibẹ̀ ló ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé ilé ẹ̀kọ́ yóò dé àbà náà kí òun tó fẹ̀yìn tì.

Wàhálà mìíràn tún wà. Àbà náà fara ti igbó ọba, igbó tí ìjọba kà léèwọ̀ fún àgbẹ̀, oko àwọn kan sì ti yọ́ wọ inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn fọ́rẹ́sítà, ẹ̀ṣọ́ igbó ìjọba, a máa gbé ọkọ̀ Hailọ́ọ̀sì wá kó èèyàn. Lọ́jọ́ kan, wọ́n kó tọkọtaya kan lọ, wọ́n fi ìkókó wọn sílẹ̀ lórí ẹní, ọmọ náà sì ké títí ohùn rẹ̀ fi há. Àánú ṣe Olúyẹ́misí, inú sì bí i. Ó kó àwọn ọmọ jọ sábẹ́ àtíbàbà Bàbá Akínṣọlá, baálẹ̀ wọn, ó fi eré bojúbojú kan kọ́ wọn.

"Bí ẹ bá ti gbọ́ ìró Hailọ́ọ̀sì, kí ẹni tó tóbi pọn ẹni tó kéré, kí ẹ sá wọ abẹ́ kòkó. Ẹni tó bá sunkún ti pàdánù. Ẹni tó bá jẹ́ ìpè ti pàdánù."

Lọ́pẹ́, ọmọbìnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ní, "Àǹtí, tó bá ṣe ẹ̀yin lẹ pè wá ńkọ́?"

"Wọ́n lè fipá mú mi pè yín. Tí ẹ bá ti gbọ́ mọ́tò, ẹ má jẹ́ èmi náà."

Lọ́dún yìí, káńsù jókòó ṣe ètò fún àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́. Ilé ẹ̀kọ́ tuntun kan ṣoṣo ni agbára wọn ká. Olúyẹ́misí sọ̀rọ̀ nípàdé títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Adégbóyè, alága ìgbìmọ̀, kì í ṣe èèyàn burúkú, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi ọmọ tí kò sí gba ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ó ní òun yóò fojú ara òun rí àwọn ọmọ náà kí òun tó fọwọ́ sí i. Wọ́n fi ọjọ́ sí Ọjọ́bọ̀, wọ́n sì ní ọ̀kadà ni àwọn yóò gùn. Olúyẹ́misí sáré lọ sọ fún wọn lábà pé kí wọ́n wẹ ọmọ, kí wọ́n fi òróró pa wọ́n lára, ọ̀kadà ni àwọn àlejò ń gbé bọ̀.

Òjò rọ̀ mọ́jú Ọjọ́bọ̀. Alága ní ẹ̀yìn òun kò gba ọ̀kadà nínú ẹrẹ̀, ló bá gba Hailọ́ọ̀sì káńsù. Ọlọ́pàá méjì gun ẹ̀yìn ọkọ̀ náà.

"Màdáámù," ó ní, "ẹ bọ́ síwájú. Ẹ̀yin lẹ mọ̀nà."

Kò sí ẹni tó fi Olúyẹ́misí jókòó síwájú ọkọ̀ ìjọba rí. Kí wọ́n tó kúrò lójú ọ̀dà ló ti rántí eré bojúbojú tó kọ́ àwọn ọmọ. Ó tẹ fóònù, ṣùgbọ́n kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lábà. Ó yẹ kó sọ̀ kalẹ̀, kó gun ọ̀kadà ṣáájú wọn. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kí ló fẹ́ wí? Pé òun tó ń jẹun ìjọba ló kọ́ ọmọ bí wọn yóò ṣe máa sá fún ìjọba? Ká má purọ́, ìjókòó náà rọ̀, ẹrẹ̀ kò sì ta sí i láṣọ. Ó ní bóyá wọn ò ní gbọ́.

Wọ́n gbọ́. Nígbà tí ọkọ̀ dé àbà, iná ń jó lábẹ́ ìkòkò, omi ìwẹ̀ wà nínú bàsíà, ọṣẹ ṣì ń hó lójú rẹ̀. Kò sí èèyàn kan, àtàgbà àtọmọdé.

"Àwọn ọmọ dà, Màdáámù?"

"Wọ́n wà, sà." Ó kígbe, "Lọ́pẹ́ o! Lọ́pẹ́! Èmi ni o, Àǹtí Wẹ́fíà!"

Omi ń kán tó, tó, lórí ewé kòkó. Olúyẹ́misí tún pè. Nígbà náà ló rí ẹsẹ̀ kékeré kan lábẹ́ igi, ẹsẹ̀ tí òróró ń dán lára rẹ̀. Bó bá rìn díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ yóò tó o.

Adégbóyè wo iná, ó wo igbó. "Wọ́n sá ni? Kí ni wọ́n ń sá fún? Àbí igbó ọba ni wọ́n ń dáko sí níbí?"

Àwọn ọlọ́pàá gbójú sókè. Olúyẹ́misí yí ẹ̀yìn sí ẹsẹ̀ kékeré náà.

"Rárá, sà," ó ní. "Bóyá wọ́n ti bá òbí wọn lọ sóko."

Alága mi orí, kò tiẹ̀ bínú. Wọ́n padà sínú ọkọ̀. Kí oṣù tó parí, ilé ẹ̀kọ́ náà ti gba ibòmíràn lọ. Kí káńsù tó tún ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀, Olúyẹ́misí yóò ti fẹ̀yìn tì, yóò ti padà sí Ìwó.

Ó gun ọ̀kadà lọ sọ fún àwọn ará àbà. Bàbá Akínṣọlá kò lè wò ó lójú. "Ẹ ní ọ̀kadà lẹ ó gbé wá," ni gbogbo ohun tó rí sọ.

Àwọn ọmọ ti gbọ́ ìró ọ̀kadà ní tiwọn, wọ́n sì ti tú jáde. Lọ́pẹ́ ló ṣáájú, ó pọn àbúrò rẹ̀ sẹ́yìn.

"Àǹtí, a ò pàdánù! Ẹ pè, ẹ pè, ẹ pè títí, a ò jẹ́ yín! Èyí tí mo pọ̀n yìí gan-an ò sunkún!"

Wọ́n rọ̀gbà yí i ká, wọ́n ń wo ẹnu rẹ̀, wọ́n ń retí kó yìn wọ́n. Olúyẹ́misí sì yìn wọ́n.