Àpò Tí Wọ́n Rán fún Olóhùn-Iyọ̀

Iṣẹ́ títún ìjókòó ọkọ̀ ṣe ni obìnrin kan ń ṣe. Bí awọ ìjókòó bá ya, tí fóòmù yọjú, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ, ní ṣọ́ọ̀bù kan tí kò fẹ̀ ju ibi tí ọkọ̀ kan lè dúró sí. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó mọ ẹrù ìrìnàjò dì tó o ládùúgbò náà. Èmi kì í tètè gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́, mo bá lọ fojú ara mi rí i.

Ó ti tẹ́ gbogbo ẹrù sílẹ̀: jáákì, sípánà, okùn tí wọ́n fi ń fa ọkọ̀, wáyà tí wọ́n fi ń jí bátìrì tó bá kú, fíúùsì, àgolò ìpaná, bándéèjì, kẹ́ẹ̀gì omi. Inú Ilé-Onítáyà ni gbogbo rẹ̀ ń lọ. Ilé-Onítáyà ni bọ́ọ̀sì àtijọ́ tí òun àti ọkọ rẹ̀ yọ ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀, tí wọ́n kan bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù sí. Ọdọọdún ni wọ́n ń gbé e rìnrìn-àjò, inú rẹ̀ ni wọ́n ń sùn, inú rẹ̀ ni wọ́n ń dáná.

"Ṣé bí wọ́n ṣe ń di ẹrù lo fẹ́ mọ̀, akọ̀ròyìn?" ó ní. "Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí wọ́n ṣe ń tú u fún ọ."

Oníwáyà ni wọ́n ń pe ọkọ rẹ̀. Iṣẹ́ iná ló ń ṣe tẹ́lẹ̀, a sì máa gun òrùlé bí ológbò. Ọkọ yìí ní àbúrò ọkùnrin kan tí ìyàwó sọ ní Olóhùn-Iyọ̀, nítorí pé kò síbi tí kì í gbé ẹ̀rọ orin ńlá rẹ̀ dé, a sì máa kọrin tẹ̀ lé e láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́.

Ní ọdún tó ṣáájú èṣí, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ lọ. Ọkọ̀ kú sórí òkè kan nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú. Oníwáyà wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì kó lè gbé àpótí pupa tí tọ́ọ̀ṣì, bándéèjì àti ẹ̀wù tó ń dán lójú iná ọkọ̀ wà nínú rẹ̀. Kò sí àpótí. Ẹ̀rọ orin ló wà níbẹ̀. Ó lọ wá ìrànlọ́wọ́ nínú òkùnkùn láìní tọ́ọ̀ṣì, kò rí gọ́tà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó já sí i. Ìborùn ni ìyàwó fi di ẹsẹ̀ tó ṣẹ́. Egungun náà so, ṣùgbọ́n ó so ní wíwọ́. Láti ìgbà náà, Oníwáyà kò gun òrùlé mọ́. Fóòmù ló ń gé fún ìyàwó rẹ̀.

Gbogbo ẹbí ní Oníwáyà ló gbàgbé àpótí sílé. Òun náà gbà bẹ́ẹ̀. Orí ibùsùn tó wà, ó tún ń bẹ àbúrò rẹ̀: "Má bínú, mo ba ìgbádùn rẹ jẹ́."

"Ó ti tán, ẹ̀gbọ́n," ni Olóhùn-Iyọ̀ dáhùn. "Ọjọ́ orí ló ń bá yín jà."

Ìyàwó gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tó yá, Olóhùn-Iyọ̀ ní kó wá wọn àwọn àga òun, òun fẹ́ pààrọ̀ awọ wọn. Nínú pálọ̀ rẹ̀, ẹ̀rọ orin wà lórí nǹkan kan tí wọ́n da aṣọ bò. Ó ká aṣọ náà sókè. Àpótí pupa ni. Okùn ìfàgbé rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, òwú yẹ́lò, ojú rírán méjì méjì.

"Ta ni kì í mọ ojú abẹ́rẹ́ ara rẹ̀?" ó bi mí.

Olóhùn-Iyọ̀ wà ní ilé ìdáná, ó ń bu omi fún àlejò. Ìyàwó fi sísọ́ọ̀sì gé okùn náà, ó tì í bọ àpò ara rẹ̀.

"Ìyàwó wa, ẹ mu omi."

"Ẹ ṣeun, Olóhùn-Iyọ̀ mi. Ilé yín mà tura o."

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún ọkọ rẹ̀. "Àbúrò rẹ̀ ni," ó ní. "Á ní mo ṣì í rí ni. Ẹnu ẹni tó ṣe é ni mo fẹ́ kó ti jáde."

Ló bá ṣètò ìrìnàjò èṣí. Ó rán àpò ọjọ́ ìṣòro mẹ́ta, ó kọ orúkọ sára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ti Olóhùn-Iyọ̀ ló sanra jù.

"Háà! Ìyàwó wa fẹ́ràn mi ju ọkọ rẹ̀ lọ!"

"Ṣé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ni? Ọjọ́ ìṣòro ni kí ẹ tú u o. Mo ti rán ẹnu rẹ̀ pa kí ẹ má baà fọwọ́ kàn án."

Ìyàwó ló wa ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n dé orí òkè náà, tí ilẹ̀ ń ṣú, ó rọra dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó na ọwọ́ sí abẹ́ ìdarí ọkọ̀, ó yọ fíúùsì kan.

"Ó ti kú," ó ní. "Ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n yín ò lè gbé e. Ẹ̀yin ló kù, ọkọ mi. Ilé epo wà lẹ́yìn òkè. Àpò yín ńkọ́?"

Olóhùn-Iyọ̀ gbé àpò kọ́ èjìká, ó ń súfèé lọ. Ìyàwó ti ilẹ̀kùn, ó gbé omi tíì kaná.

"Fíúùsì ni," ni Oníwáyà wí. "Jẹ́ kí n wò ó."

"Jókòó."

Kò pẹ́ púpọ̀ tí ìfé náà fi dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń sáré padà, tí ẹnìkan ń gbá ilẹ̀kùn.

"Ìyàwó wa, ẹ ṣílẹ̀kùn! Mi ò rí iwájú mi!"

Ìyàwó yí gíláàsì wálẹ̀ díẹ̀. "Kí lẹ bá nínú àpò?"

"Fóòmù."

"Kí ló wà lábẹ́ fóòmù?"

Ó gbé ọwọ́ sókè. Okùn olówùú yẹ́lò náà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ sọ ọ́ kí ẹ̀gbọ́n yín gbọ́. Tíì mi ń tutù."

"Èmi ni mo gbé àpótí yẹn sọ̀ kalẹ̀," ó ní nígbẹ̀yìn. "Ẹ̀rọ orin mi ò ráyè. Mo rò pé a ò ní nílò rẹ̀."

Ìyàwó wo ọkọ rẹ̀. Ó rò pé ẹkún ló máa sun, tàbí kó ní kí wọ́n ṣílẹ̀kùn, nítorí pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Oníwáyà ò ṣe èyíkéyìí nínú wọn.

"Mo bẹ̀ ọ́," ó wí fún àbúrò rẹ̀. "Lórí ibùsùn, mo bẹ̀ ọ́."

Ó fa àpò tirẹ̀, ó mú tọ́ọ̀ṣì jáde, ó nà án gba ojú fèrèsé. Lẹ́yìn náà, ó yí gíláàsì sókè fúnra rẹ̀, ó gba fíúùsì lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó dá a padà sáyè rẹ̀.

"Máa wà á lọ," ó sọ fún ìyàwó rẹ̀.

Mo wá Olóhùn-Iyọ̀ lọ, kó má baà jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹnu ẹnìkan ṣoṣo ni mo fi kọ ìtàn. Ó ní àsọdùn pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìyàwó àwọn, òun ò sáré, ńṣe ni òun ń rìn kánkán. Ó ní ilé epo jìnnà, ẹsẹ̀ òun sì léròrò. Nípa àpótí, ó ní kí n bi òun ní nǹkan mìíràn. Orí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ la jókòó sí. Àwọn àga rẹ̀ ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù obìnrin náà, ó ti bọ́ awọ wọn kúrò, kò sì tíì fi òmíràn sí i.

Àpótí pupa tí wọ́n ti gbà padà ni obìnrin náà gbé wọ Ilé-Onítáyà kẹ́yìn lójú mi, pẹ̀lú okùn tuntun. Bẹ́ẹ̀dì méjì péré ló ṣẹ́kù nínú ọkọ̀ náà. Ibi tí ìkẹta wà tẹ́lẹ̀, ó ti kan kọ́bọ́ọ̀dù irinṣẹ́ síbẹ̀. Mo bi í bóyá inú rẹ̀ ti rọ̀ wàyí.

Ó tọ́ka sí ọkọ rẹ̀, tó ń tiro bọ̀ pẹ̀lú fóòmù lábẹ́ apá.

"Bi ẹsẹ̀ yẹn," ó ní.