Ọ̀gá Sójà Tó Kọ́ Mi ní Ìwé Kíkà

Pẹ́ńsùlù ni Grandpa fi ọwọ́ òsì nà sí mi, mo sì káwọ́ sẹ́yìn, mi ò gbà á. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà yẹn. Ìdí tábìlì kékeré kan la jókòó sí nínú fúláàtì wọn, ní àjà kẹrin ilé tí a jọ ń gbé ní Peckham, nílùú London. Òórùn tíì oníjínjà àti ti pólíìṣì bàtà gba gbogbo inú ilé.

"Kí ló dé?" ni wọ́n bi mí.

"Mummy said it's rude. Wọ́n ní kí n má gba nǹkan tí wọ́n bá fi left hand fún mi."

Mo rò pé wọ́n máa bínú ni. Ẹ̀rín ni wọ́n bú sí, wọ́n rín in títí wọ́n fi wúkọ́. Wọ́n wá gbé ọwọ́ ọ̀tún wọn lé tábìlì kí n lè rí i. Ìka mẹ́ta níbẹ̀ ò ká mọ́.

"Mummy ẹ kọ́ ẹ dáadáa," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n ìbọn ló ba èyí jẹ́. Ó yá, gbà á."

Grandpa ni gbogbo ọmọ ilé wa ń pè wọ́n. Tíṣà ni wọ́n ní Nàìjíríà kí ogun abẹ́lé tó dé, ogun yẹn ló sì sọ wọ́n di ọ̀gá sójà. Àwa ọmọdé gbọ́ pé ìjọba fún wọn ní àmì-ẹ̀yẹ, àmọ́ kò sẹ́ni tó rí i rí nínú wa. Ohun tó gbé mi dé ọ̀dọ̀ wọn kò kan ogun rárá. Mi ò lè kàwé ni. Miss, tíṣà mi níléèwé, ti sọ fún Mummy pé bí mi ò bá yege ìdánwò ìwé kíkà ní ìparí táàmù, wọ́n máa yọ mí kúrò láàárín àwọn ẹgbẹ́ mi. Mummy sunkún nínú bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ yẹn, ojú sì tì mí gan-an.

Nítorí náà, ní gbogbo Sátidé, tí mo bá ti dé láti ilé kéú, mo máa ń gòkè lọ bá Grandpa. Wọ́n le, ẹ má jẹ́ kí n tàn yín. Kò sí tíì, kò sí bisikíìtì, àfi tí ojú ìwé bá parí. Bí mo bá fo ọ̀rọ̀ kan, wọ́n á kan tábìlì kó kó, màá sì tún gbogbo rẹ̀ kà.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n gbé bébà kan tó ti gbó síwájú mi. Gẹ̀ẹ́sì tó le ni, mo sì ń rọra kà á: ọ̀gá sójà kan, tó ti ṣe tíṣà rí, sáré padà sórí afárá lẹ́ẹ̀mẹta nígbà tí ìbọn ń dún, ó sì gbé sójà mẹ́ta tó fara gbọgbẹ́ jáde. Orúkọ Grandpa ló wà nísàlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ìjọba fún ní àmì-ẹ̀yẹ.

"Grandpa! That's you!"

"Èmi ni. Ṣùgbọ́n mẹ́rin ni wọ́n. Bí mo ṣe fẹ́ padà lọ gbé ẹnì kẹrin ni ìbọn bà mí lọ́wọ́, mi ò rí i gbé mọ́." Wọ́n fi ọwọ́ òsì tẹ bébà náà. "Mo kọ́ gbogbo wọn ní kíláàsì. Òun ló máa ń gbẹ́yìn nínú ìwé kíkà."

Mo tún bébà náà kà láti òkè dé ìsàlẹ̀, mi ò sì fo ọ̀rọ̀ kankan.

Nígbà tí mo jáde lọ́jọ́ ìdánwò, mo rí wọn lẹ́nu géètì iléèwé láàárín àwọn ìyá tó wá mú ọmọ wọn. Wọ́n wọ kóòtù dúdú tí wọ́n lọ̀ dáadáa, àmì-ẹ̀yẹ sì ń dán láyà wọn. Gbogbo kíláàsì mi ń wò wọ́n. Orí mi wú!

"Grandpa, wọn ò tíì sọ bóyá mo pass o."

"Ṣé mo bi ẹ́ ni? Ta ló kọ́ ẹ?"

Mo yege. Lónìí, ní council, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ wa, ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ìwé ni mo sì ń kà fún àwọn tí kò lè kà á fúnra wọn. Grandpa ti kú, àmọ́ títí dòní ni mo ń fi wọ́n yangàn. Bí àwọn ará ilé wa bá ń sọ̀rọ̀ wọn, wọ́n á ní èèyàn mẹ́ta ni Grandpa gbà là. Mo mọ̀ pé ọmọ kíláàsì wọn yẹn ò lè padà wá mọ́. Síbẹ̀, mo máa ń dá wọn lóhùn pé mẹ́rin ni. Èmi ni ẹnì kẹrin.