Ìkòkò Tí Ìdí Rẹ̀ Kò Dúdú

Òórùn ẹja yíyan ni mo kọ́kọ́ gbọ́ bí ọkọ̀ wa ṣe ń wọ abúlé náà, létí òkun lọ́nà Abereke. Iṣẹ́ kíka ènìyàn ni mo wá ṣe. Ìwọ náà mọ bí ilé ibẹ̀ ṣe rí: pákó lórí òpó, tí òkun bá ti ń sún mọ́ ọn, wọn á tú u, wọn á tún un kọ́ sẹ́yìn. Gbogbo abúlé ti ń múra àtikó sẹ́yìn lọ́dún náà, baálẹ̀ sì ti sọ pé ìwé wa lòun máa fi pín ilẹ̀ tuntun, ìdílé kan, ààyè kan.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ, mo fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà sára ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan. Kí n tó padà dé, òkun ti gba ilé ìyá àgbà kan tó ń dá gbé. Ilẹ̀kùn rẹ̀ nìkan ló rí yọ. Mo bá ilẹ̀kùn náà níbi tó fara ti ògiri ilé àbúrò rẹ̀ obìnrin, nọ́ńbà mi ṣì wà lára rẹ̀ kedere.

Ọ̀gá wa tó bá mi wá ní, “Kọ ọ́ mọ́ ìdílé àbúrò rẹ̀. Kò nílé mọ́.”

Màmá àgbà náà ní, “Ṣé ilé lẹ̀ ń kà ni, àbí èèyàn?”

“Ìdílé ni, Màmá. Àwọn tó bá ń jẹ nínú ìkòkò kan náà.”

Ìyá náà wọlé, ó gbé ìkòkò kan jáde. “Tèmi rèé. Èmi àti àbúrò mi ò jọ ń dáná.” Àbúrò rẹ̀ wo ilẹ̀, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀gá ní kí n yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì kọjá sí ilé kejì.

Mo dojú ìkòkò náà dé. Ìdí rẹ̀ ń dán, iná ò kàn án rí. Ààrò kan ṣoṣo ló wà nínú ilé, ìkòkò dúdú kan ló sì wà lórí rẹ̀. Olóríkunkun ni mí tó bá di ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù; mo ti bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi jà nítorí irọ́ tó kéré ju ìyẹn lọ. Màmá ò bẹ̀ mí. Ó kàn ń wò mí. Mo kọ ọ́ pé: ìdílé kan, ènìyàn kan. Ẹ̀rù bà mí fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ lẹ́yìn náà, ojú sì tì mí.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo tún dé ibẹ̀. Màmá ti ní ilé oníyàrá kan lórí ilẹ̀ tuntun, ilẹ̀kùn àtijọ́ yẹn ló sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Kò tíì dá ìkíni mi lóhùn tó ti wọlé lọ gbé ìkòkò náà wá, tó dojú rẹ̀ dé síwájú mi.

“Wò ó, ó ti dúdú.”

Ó dúdú lóòótọ́. Ó fi se oúnjẹ fún mi, mo sì jẹ ẹ́ tán. Irọ́ ni mo kọ lọ́jọ́ náà, n ò ní pè é lórúkọ mìíràn. Ṣùgbọ́n ìdí iṣẹ́ kíka ènìyàn yìí náà ni mo ṣì wà títí dòní, bí mo bá sì rí ìdílé ẹlẹ́nìkan nínú ìwé, mi ò lè kánjú kọjá rẹ̀. Mo máa ń rò ó pé ẹnì kan ń dáná níbẹ̀.