Ìdánwò Awakọ̀ Tí Bàbá Mi Ṣe Fún Wa

Ìdánwò kan ṣoṣo ni bàbá mi ṣe láyé rẹ̀. Wọ́n mú un dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì, ọ̀gá tó ń yẹ ọkọ̀ wò na ìka sí mọ́tò kan tó wà lọ́ọ̀ọ́kán, ó ní kó ka nọ́ńbà rẹ̀. Bàbá mi kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó mọ nọ́ńbà, ojú rẹ̀ sì ríran dáadáa. Ó kà á wàràwàrà, wọ́n sì fún un ní láísẹ́ǹsì. Láti ọjọ́ náà ló ti gbà pé bí wọ́n ṣe ń mọ ẹni tí orí rẹ̀ pé nìyẹn: kó dúró lọ́ọ̀ọ́kán, kó kà á, kó má kólòlò. Ìgbàgbọ́ yẹn ló pín èmi àti Àǹtí mi níyà. Àbí kí n kúkú sọ ọ́ bó ṣe jẹ́, torí mo ti dàgbà kọjá ẹni tó ń fi nǹkan pamọ́: èmi ni mo pín wa níyà, ìgbàgbọ́ bàbá mi ni mo fi ṣe é.

Mushin là ń gbé nígbà náà, ní yàrá mẹ́ta tó wà lẹ́yìn nínú ilé kan tí àwọn wẹ́dà tó ń jó irin dojú kọ lódìkejì títì. Lọ́rì sìmẹ́ńtì ni bàbá mi ń wà láti Àpápá lọ sí òkè, ó sì lè lo ọjọ́ márùn-ún lójú ọ̀nà kó tó padà wálé. Ìyàwó méjì ló ní. Ìyálé bí Àǹtí mi. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, ìyá mi bí èmi. Oṣù mẹ́rin péré, síbẹ̀ ìyá mi kò gbà kí n pè é lórúkọ láéláé, bẹ́ẹ̀ ni n kò gbọdọ̀ sọ "o" sí i. Àǹtí ni, "ẹ" ni.

Àǹtí mi kò rí ohun tó bá jìnnà. Kò sí ẹni tó mọ̀ nílé, òun gan-an kò sì mọ̀ pé àìsàn ni. Kò ríran jù bẹ́ẹ̀ rí, ó rò pé eruku funfun ni gbogbo ayé ń rí lójú bọ́ọ̀dù, pé àwa kan kàn ní ẹ̀bùn àtimọ ohun tí eruku náà ń sọ ni. Èmi mọ̀. Orí àga kan náà la jọ ń jókòó ní sukúù. Tí tíṣà bá kọ ìṣirò sójú bọ́ọ̀dù, Àǹtí á fa ẹ̀gbẹ́ aṣọ mi lẹ́ẹ̀kan, èmi á kà á sí i létí, òun á ṣe é, èmi á wò ó kọ. Ojú tèmi, orí tiẹ̀. Láti ìwé kẹta títí dé ìwé kẹfà la fi ṣe é bẹ́ẹ̀, tí tíṣà kankan kò sì mú wa. Nígbà tí a ṣe ìdánwò àtiwọ girama, orí bébà ni ìbéèrè wà. Ó fi imú kan ìwé, ó kà á fúnra rẹ̀. Èmi náà wo tiẹ̀. Àwa méjèèjì yege.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Girama méjì ló gbà wá. Ọ̀kan jẹ́ ti aládàáni ní Surulere, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, àwọn ọmọ ibẹ̀ ń dé fìlà bẹ́rẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń wọ ìbọ̀sẹ̀ funfun, wọ́n sì ní yàrá tí wọ́n ti ń da omi inú ìgò pọ̀ mọ́ra wọn kó lè yí àwọ̀ padà. Èkejì ti ìjọba ni, kò jìnnà sí wa, kò sì gbówó lórí. Ọ̀sán ni àwọn ọmọ tuntun ń wọlé níbẹ̀, torí àwọn mìíràn ló ń lo kíláàsì láàárọ̀, ẹni tí kò bá gbé àga láti ilé yóò sì jókòó sórí fèrèsé. Agbára bàbá mi kò ká ju ọmọ kan lọ ní ti aládàáni. Èkejì á lọ sí ti ìjọba.

"Tèmi ni àkọ́bí," ni ìyálé wí.

Ìyá mi ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Kò gbójú sókè. "Ṣé oṣù mẹ́rin náà lẹ̀ ń pè ní àkọ́bí, ìyálé mi?"

"Oṣù mẹ́rin náà ni. Mo ti ń pọn ọmọ kiri nígbà tí o ṣì ń bi mí bóyá ìrọbí máa ń dunni."

"Ó dára. Ẹ tún máa pọ̀n ọ́n lọ sí ti ìjọba."

Bàbá mi ní kí wọ́n pa ẹnu mọ́. Ó ní àwọn ọmọ yóò ṣe ìdánwò, ẹni tó bá yege ni yóò lọ sí Surulere.

"Wọ́n ti ṣe ìdánwò, Bàbá wọn," ni ìyálé wí. "Àwọn méjèèjì ló yege."

"Ìyẹn ti ìjọba. Tèmi ló kù."

Ọjọ́ Àìkú ni, lẹ́yìn ìrun alásàárì. Tíṣà kan wà tó gba yàrá iwájú nínú ilé wa, tó ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní lẹ́sìnnì. Bàbá mi ní kó kọ gbólóhùn kan ní Gẹ̀ẹ́sì sójú bọ́ọ̀dù rẹ̀, kó má kọ ọ́ tóbi jù, kí ẹnikẹ́ni má sì rí i tẹ́lẹ̀. Wọ́n gbé bọ́ọ̀dù náà ti ògiri àwọn wẹ́dà lódìkejì, wọ́n fi àpò sìmẹ́ńtì bò ó lójú. Bàbá mi fi ẹsẹ̀ wọn ọ̀nà náà fúnra rẹ̀, bí ọ̀gá ọjọ́sí ṣe wọ̀n ọ́n fún un. Ó wọ kakí tó máa ń wọ̀ lọ gba ẹrù. Àwọn ará ilé jáde, àwọn wẹ́dà pa iná wọn, wọ́n káwọ́ lẹ́yìn. Ó mú àwa méjèèjì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa, ó ní kí àgbà kọ́kọ́ kà.

Wọ́n ṣí àpò kúrò. Àǹtí mi wo òdìkejì títì. Mo rí i tó ń wò ó, bí ẹni tó ń wo òjò. Lẹ́yìn náà ó fa ẹ̀gbẹ́ aṣọ mi lẹ́ẹ̀kan.

Ohun tó wà lójú bọ́ọ̀dù kò ju pé àgbẹ̀ kan ta ewúrẹ́ rẹ̀ lọ́jà. Ohun tí mo rọra sọ sí i létí, ní Gẹ̀ẹ́sì, ni pé awakọ̀ kan sùn lójú ọ̀nà, ó sì já sí kòtò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó mú un burú. Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó ṣáájú, bàbá mi ti sùn nídìí ìdarí ọkọ̀, lọ́rì àti sìmẹ́ńtì sì já sí kòtò. Ọ̀gá rẹ̀ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Oṣù mẹ́ta ló fi jókòó sílé tí àwọn ìyàwó ń bọ́ ọ. Gbogbo àdúgbò mọ̀, kò sì sí ẹni tó ń dárúkọ rẹ̀ nínú ilé wa.

Mo ti ń sọ fún ara mi láti ọdún yẹn pé n kò gbèrò rẹ̀. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n gbólóhùn náà pé nígbà tó jáde lẹ́nu mi, kò sí ohun tó kù ú kù, èmi tí tíṣà kì í yé fa ìlà pupa sábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì mi.

Àǹtí mi kà á jáde. Ó ti ń gba ojú mi gbọ́ láti ìwé kẹta.

"Gbóhùn sókè," ni bàbá mi wí.

Ó gbé ohùn sókè, ó sì tún un kà. Ẹ̀rín jáde lẹ́nu tíṣà kó tó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Kí ló sọ?" ni bàbá mi bi í.

"Ẹ fi í sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ọmọdé ni."

"Mo ní kí ló sọ."

Tíṣà sọ fún un ní Yorùbá. Ọ̀kan nínú àwọn wẹ́dà yí ojú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń mì.

Bàbá mi kò gbé ọwọ́ sókè sí Àǹtí mi. Ó súnmọ́ ọn, ó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ títí ojú wọn fi dọ́gba. "Ṣé èmi lò ń bú lójú títì?"

"Ohun tó wà níbẹ̀ ni mo kà, Bàbá."

"Ẹ gbọ́ ọ. Ó ní kíkà ni òun kà á." Ó nàró, ó yíjú sí mi. "Ìwọ."

Mo ka ti àgbẹ̀ àti ewúrẹ́. Ohùn mi ròkè dáadáa. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Ìyálé ló na Àǹtí mi, kì í ṣe bàbá mi. Ó ní ọmọ òun fi yẹ̀yẹ́ ta ọjọ́ ọ̀la rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, a pàdé nídìí ẹ̀rọ omi.

"Kí ló wà níbẹ̀?" ni Àǹtí bi mí.

"Ewúrẹ́."

"Ewúrẹ́ nìkan?"

"Àgbẹ̀ kan ló tà á."

Ó gbé garawa rẹ̀ rù, ó lọ.

Mo dé bẹ́rẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí bàbá mi bá wà nílé, ó máa ń fi lọ́rì gbé mi dé ẹnu géètì ní Surulere, á sì fọn fèrè mọ́tò lẹ́ẹ̀mejì kí àwọn olówó lè wo ẹ̀yìn. Kò sì sí orí ẹnikẹ́ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi mọ́. Mo ń rí gbogbo ohun tó wà lójú bọ́ọ̀dù, kò sì sí ọ̀kan tó yé mi níbẹ̀. Nígbà tí táàmù àkọ́kọ́ parí, èmi ni mo gbẹ́yìn, ṣùgbọ́n bàbá mi wà lójú ọ̀nà, kò rí káàdì náà. Mo bẹ ìyá mi pé kí wọ́n mú mi lọ sí ti ìjọba.

"Kí ìyálé mi lè fi mí kọrin?" ni ó wí. "Jókòó síbi tí wọ́n gbé ọ sí."

Ní táàmù kejì, àwọn nọ́ọ̀sì lọ yẹ ojú àwọn ọmọ wò ní sukúù Àǹtí mi. Wọ́n gbé bébà tí wọ́n kọ A, B, C sí kọ́ ògiri, wọ́n ní kó kà á, ó sì ní òun kò rí ohunkóhun. Wọ́n kọ ìwé fún un lọ sí ọsibítù. Ní ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbé awò sójú wálé, mo wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá wa, òun wà lọ́hùn-ún nídìí géètì. Ó dúró, ó ń wò mí.

"Mo ń rí ojú rẹ láti ibí," ni ó wí.

Ìyálé mú ọ̀rọ̀ awò lọ bá bàbá mi. Ó ní ṣé ó ti rí i báyìí pé ojú ló ń dà á láàmú, kì í ṣe àìmọ̀wé. Bàbá mi jẹun tán kó tó dáhùn.

"Bí kò bá ríran, kó ní òun kò ríran. Ta ló kọ́ ọ ní èébú tó bú mi?"

Ó pe Àǹtí mi, ó sì bi í. Mo wà níbẹ̀, mo ń palẹ̀ àwo mọ́.

"Èmi ni mo rò ó fúnra mi, Bàbá," ni Àǹtí mi wí.

Mo rò pé ó ṣàánú mi. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni mo gba káàdì táàmù kejì. Tíṣà lẹ́sìnnì ti kó kúrò nílé wa, kò sì sí ẹlòmíràn tó lè kà á.

"Ìwọ onídígí," ni bàbá mi wí fún Àǹtí, "wá ka ti àbúrò rẹ fún mi."

Ó gba káàdì náà, ó wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀. Èmi ni mo tún gbẹ́yìn, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí òbí mi wá rí wọn.

"Ipò kẹta ló mú," ni Àǹtí mi wí. "Wọ́n ní kí ẹ má mú un kúrò lọ́dọ̀ àwọn."

Bàbá mi gbé mi lé itan, èmi tí mo ti tó ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Mo tẹ̀lé Àǹtí lọ sẹ́yìnkùlé.

"Àǹtí, kí ló dé tẹ́ ẹ fi kà á bẹ́ẹ̀?"

"Ohun tó wà níbẹ̀ ni mo kà."

"Ẹ mọ̀ pé mo fẹ́ kí Bàbá mú mi kúrò níbẹ̀."

"Mo mọ̀. Lọ sọ fún un." Ó ń sá aṣọ, kò wo ẹ̀yìn. "Ṣùgbọ́n tí o bá ń sọ ọ́, bẹ̀rẹ̀ láti orí awakọ̀ tó sùn."

N kò lè bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ọdún márùn-ún ni n kò fi lè bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Sukúù aládàáni náà kì í dá ọmọ tó bá ń sanwó dúró sí kíláàsì kan, wọ́n kàn ń tì mí lọ síwájú ni. Ní gbogbo ìparí táàmù, Àǹtí á gba káàdì mi, á sì fún mi ní ipò tó bá wù ú. Ó mú mi ṣe ìkejì nígbà kan. Bàbá mi wá ń gba ìrìn àjò tí àwọn awakọ̀ yòókù kọ̀, ó ń dé láti òkè lówùúrọ̀, ó ń kó ẹrù mìíràn ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ojú rẹ̀ pọ́n bí ata. Tí ìyá mi bá ní kó sinmi, á ní ṣé ọmọ tó ń mú ipò kẹta ni òun á mú kúrò ní sukúù? Àǹtí mi máa ń wà níbẹ̀ tó bá ń sọ ọ́. Kì í bojú wo ẹ̀gbẹ́ ibi tí mo wà.

Èsì ìdánwò àṣekágbá àwa méjèèjì jáde ní ọ̀sẹ̀ kan náà. Tiẹ̀ dára débi pé ọ̀gá sukúù wọn fẹsẹ̀ rìn wá sílé wa láti kí ìyá rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì ni mo lọ gba tèmi. Bàbá mi gbé àga síta sí ẹ̀gbẹ́ títì, ní ibi tí òun fúnra rẹ̀ mú wa dúró sí lọ́jọ́sí. Àwọn wẹ́dà ṣì wà lódìkejì. Ó pè wọ́n pé kí wọ́n wá gbọ́ ti èyí tó lọ sí Surulere. Ìyá mi ró ìró rẹ̀ tó dára jáde.

"Àgbà," ni bàbá mi wí, "kà á fún wa."

Àǹtí mi gba ìwé náà. Ó wò ó. Lẹ́yìn náà ó yọ awò rẹ̀, ó fi etí aṣọ nù ún, ó ń nù ún jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

"Ojú ń dùn mí lónìí, Bàbá," ni ó wí. "Kó kà á fúnra rẹ̀. Òun náà mọ̀ ọ́n kà."

Ó fi ìwé náà lé mi lọ́wọ́. Ìlà kọ̀ọ̀kan ló ní ẹ̀kọ́ kan, iwájú gbogbo wọn sì ni wọ́n kọ ohun kan náà sí, pé n kò yege. Nígbà tí mo gbójú sókè, ó ti gbé awò padà sójú, ó ń wo ẹnu mi.

Mo rọra ka ìlà àkọ́kọ́ bó ṣe wà níbẹ̀. Bàbá mi tẹ̀ síwájú lórí àga, ó fi ọwọ́ sí ẹ̀yìn etí.

"Gbóhùn sókè," ni ó wí.