Àmì Tí Díákónì Lẹ̀ Mọ́ Páálí

Aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Àwa mẹ́ta la wà nínú gáréèjì mi ní Snellville, ní Amẹ́ríkà níbí: èmi, ọmọbìnrin mi tó ń ṣiṣẹ́ dókítà, àti Díákónì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tó máa ń kó ẹrù púlọ́ńbà wọ̀lú, tó sì ń tà á fún irú wa. Páálí tọ́ílẹ́ẹ̀tì mẹ́rin wà nílẹ̀. Díákónì ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ wọ́n kalẹ̀ látinú ọkọ̀ rẹ̀ ni.

Iṣẹ́ púlọ́ńbà ni mo ń ṣe. Ní káúńtì, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, tí mo ti ń ṣiṣẹ́ jù, ẹni tó bá fẹ́ ta ilé àtijọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pààrọ̀ tọ́ílẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ omi sí èyí tó ní àmì pé kì í fi omi ṣòfò. Èmi tí mo tà á tí mo sì dè é ni mo máa buwọ́ lùwé pé bó ṣe rí nìyẹn. Orúkọ mi ló ń wà lábẹ́ ìwé náà, kì í ṣe ti ẹni tó gbé ẹrù wá.

Nígbà tí ìyàwó mi wà láyé, òun ló máa ń bá mi yẹ ẹrù wò. Mo ti lé lógójì ọdún kí n tó jókòó sí kíláàsì, ìwé kíkà mi ò sì yá. Bí páálí bá dé, á là á, á wá nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ mọ́ àwo tọ́ílẹ́ẹ̀tì náà lára, lẹ́yìn níbi tí ìdérí ti so mọ́ ọn. Á wá fi máákà dúdú kọ ọ́ gàdàgbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí. Àmì òde àti nọ́ńbà inú gbọ́dọ̀ bára mu.

Ó ti tó ọdún mẹ́ta tó ti kú. Láti ìgbà náà, mi ò la páálí Díákónì wò rí. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi ni pé mi ò gbọdọ̀ tú ẹrù tí àgbà bá gbé fún mi wò lójú rẹ̀, kó má dà bíi pé mo pè é lólè. Bó bá sì ti lọ tán, mo ti ń kánjú, mo ti gbé e sínú ọkọ̀.

Amẹ́ríkà ni wọ́n bí ọmọ mi sí. Ó fi èékánná họ etí àmì tó wà lára páálí kan. Àmì náà ṣí.

“Daddy, sticker lásán ni o. Nǹkan mìíì wà lábẹ́ ẹ̀.”

Díákónì rẹ́rìn-ín. “Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Ṣé páálí náà ń ṣàìsàn ni?”

Ọmọ mi fa páálí náà sọ́dọ̀. Ó mú ọ̀bẹ mi, ó la páálí náà, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì wo ẹ̀yìn àwo.

“1.6 ló wà níbí,” ló wí. “Sticker yẹn ní 1.28.”

Ìyẹn ni pé gálọ́ọ̀nù omi tí tọ́ílẹ́ẹ̀tì náà ń lò lẹ́ẹ̀kan ju iye tí àmì sọ lọ.

“Díákónì, kí lèyí, sà?”

“Púlọ́ńbà, fọkàn balẹ̀. Mo tẹ àmì náà ni, mo sì lẹ̀ ẹ́. Tọ́ílẹ́ẹ̀tì gidi ni, kò sán níbì kankan. Ta ló fẹ́ jókòó sórí ẹ̀ kó máa wọn omi?”

“Àwọn méjì tí mo gbà lọ́wọ́ yín lóṣù tó kọjá ńkọ́?”

“Ẹrù kan náà ni.”

Ilé Aunty kan ní Clarkston ni mo de àwọn méjì yẹn sí. Opó ni, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló ń ṣe. Ó ti rí ẹni tó fẹ́ ra ilé rẹ̀. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ parí títà rẹ̀, kó lè kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Stockbridge. Ìwé tí mo buwọ́ lù ti wà ní ọ́fíìsì káúńtì. Bí aṣàyẹ̀wò káúńtì bá fi lè wo ẹ̀yìn àwo yẹn, ilé Aunty ò ní tà mọ́, ìwé àṣẹ iṣẹ́ mi á sì lọ.

“Ẹ kó wọn padà, sà.”

“Ṣé nítorí omi ni?”

“Ẹ kó wọn.”

“Àbí ìwé tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kà pẹ̀lú irun funfun ló ń gùn ọ́? Ìyàwó rẹ, Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un, kò jẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ báyìí.”

Kò jẹ́ sọ̀rọ̀ lóòótọ́. Páálí ni ì bá là.

Mo gbójú sókè. Páálí àtijọ́ kan wà lórí pẹpẹ tí mo máa ń kó ìdè páìpù sí. Ìkọ̀wé ìyàwó mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: 1.28. Ọ̀dọ̀ Díákónì yìí kan náà ló ti wá. Nígbà tí ìyàwó mi wà láyé, ojúlówó ló ń gbé wá fún wa. Díákónì mọ ẹni tó ń wo ẹ̀yìn àwo. Ó sì mọ ọjọ́ tí ìyàwó mi kò sí mọ́, torí ó wà lára àwọn tó gbé pósí rẹ̀.

Mo gbé páálí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà sínú ọkọ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wù mí kí n jù wọ́n. Mi ò jù wọ́n.

“A ó pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì,” ló wí.

“Ẹ ó bá mi níbẹ̀.”

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn mo ra tọ́ílẹ́ẹ̀tì tuntun méjì ní ṣọ́ọ̀bù ńlá. Èmi àti ọmọ mi la páálí wọn níbi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí. Ọmọ mi fẹ́ ka nọ́ńbà ẹ̀yìn àwo fún mi, mo ní kó fi sílẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ni mo kà á: 1.28.

Ní aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo kan ilẹ̀kùn Aunty. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé ni, kò tíì bọ́ aṣọ nọ́ọ̀sì. Mo ṣàlàyé fún un lórí ìdúró.

“Ẹ sì buwọ́ lù ú?”

“Mo buwọ́ lù ú, mà.”

“Ẹ ò wò ó?”

“Mi ò wò ó.”

Ó ṣílẹ̀kùn sílẹ̀. “Ẹ wọlé, kẹ́ ẹ tún un ṣe. Ẹ ṣáà má bá mi sọ̀rọ̀.”

Mo yọ méjèèjì, mo de tuntun. Nígbà tí wọ́n ṣí ọ́fíìsì káúńtì, èmi lẹni àkọ́kọ́ tó wọlé. Mo fún obìnrin tó wà lẹ́yìn tábìlì ní ìwé tuntun fún ilé náà, mo sì sọ fún un pé irọ́ wà nínú ti àkọ́kọ́. Ó kọ nọ́ńbà ìwé àṣẹ mi sílẹ̀. Ó ní òun ò lè sọ ohun tí wọ́n máa ṣe sí i. Ó wá bi mí pé ta ló ta ẹrù náà fún mi.

Mo dárúkọ Díákónì fún un. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Mo pè é fún un ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, mo sì dúró títí ó fi kọ ọ́ tán.