Òdo Náírà Níwájú Orúkọ Mùyídéènì

Bí ẹnìkan bá sọ fún yín pé ọkùnrin mẹ́ta tó ti ń jẹun pọ̀ fún ọdún mọ́kànlá kò lè torí ìgò bíà méjì jà, irọ́ ló ń pa. Adégòkè, tíṣà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní Owena, ló ń mu bíà. Olúṣẹ̀yẹ tó ń ra kòkó ní Aládé kì í mu ún. Mùyídéènì tó ń tún fóònù ṣe ní Odode jẹ́ Mùsùlùmí, kò fẹnu kan ọtí rí láyé rẹ̀. Síbẹ̀, ọgbọọgba ni wọ́n ń pín owó oúnjẹ ní gbogbo ọ̀sán Sátidé, títí Olúṣẹ̀yẹ fi fàáké kọ́rí pé ó tó gẹ́ẹ́: ẹni tó bá mu ọtí ni kó san owó ọtí. Wọ́n wá ní kí Mùyídéènì wá áàpù kan tí yóò máa pín in fún wọn, torí òun ló mọ inú fóònù jù.

Wọ́n tún rò pé yóò mú ọkàn rẹ̀ kúrò nínú ohun tó ṣẹlẹ̀. Wúràọlá ìyàwó rẹ̀ ti kú láti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn. Tọkọtaya náà jọ ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù fóònù náà ni. Mùyídéènì á máa tú fóònù, Wúràọlá á máa ta ìbòrí fóònù àti ṣájà. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n pe àìsàn náà ní ọsibítù. Kí wọ́n tó pè é ní nǹkan kan, ó ti lọ.

Láti ìgbà náà ni ara Mùyídéènì ti kú. Kì í sunkún, kì í bínú. Ṣé ẹ mọ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ṣe máa ń rí nígbà tí dókítà eyín bá gún un lábẹ́rẹ́? Ó wà lójú, àmọ́ bíi pé ti ẹlòmíràn ni. Bí gbogbo ara rẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Ó ń ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó ń pààrọ̀ gíláàsì fóònù, ó ń kírun. Bí wọ́n bá kí i pé, "Ẹ kú ará fẹ́ra kù," á dáhùn pé, "Ẹ ṣé," bí ẹni tí wọ́n kí kú ọjà.

Ohun kan ṣoṣo ló ń gún un díẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin Wúràọlá, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn méjèèjì ló ń pín tirẹ̀ san. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn: ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, ńṣe là ń gbé oúnjẹ fún un, a kì í bi í lówó rẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ wo ló ń parí? Kò sẹ́ni tó ń kéde rẹ̀. Bó bá ti nawọ́ sápò, Adégòkè á ti gbá ọwọ́ náà mú: "Fi sílẹ̀, Mùyí." Ó wá di ẹni tó ń jókòó láàárín wọn bí àlejò. Wọ́n ń rọra bá a sọ̀rọ̀, wọn kì í bá a jiyàn mọ́. Ó mọ̀ pé bí òun kò bá san owó oúnjẹ òun, opó ni òun yóò máa jẹ́ lójú wọn, òun kò ní di ọ̀rẹ́ wọn mọ́. Ìyẹn nìkan ló fẹ́ nínú gbogbo ayé. Ó rò pé áàpù yóò bá òun ṣe é, torí ẹ̀rọ kì í ṣàánú.

Ó gbé áàpù mẹ́ta sórí fóònù rẹ̀. Àkọ́kọ́ ń fi dọ́là ṣírò, kò mọ náírà. Èkejì ń pín in lọ́gbọọgba, ìyẹn kò sì lè parí ìjà bíà. Ẹ̀kẹta béèrè orúkọ gbogbo ẹni tó jẹun, ó sì jẹ́ kí wọ́n kọ ohun tí oníkálukú jẹ sábẹ́ orúkọ rẹ̀. Ó tẹ orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síbẹ̀, ó sì gbé e sórí fóònù àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà. Inú rẹ̀ kò dùn, kò sì bà jẹ́. Ó kàn mọ̀ pé èyí ni.

Nígbà tó di Sátidé, wọ́n pàdé ní búkà Ìyá Ẹniọlá ní ìsàlẹ̀ òkè. Wọ́n jẹ iyán. Mùyídéènì ń gbé e mì, kò mọ̀ bóyá ọbẹ̀ níyọ̀. Nígbà tí wọ́n ṣanwọ́ tán, Olúṣẹ̀yẹ béèrè iye owó, ó san gbogbo rẹ̀, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ sínú áàpù. Òun àti Adégòkè forí korí, wọ́n sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Fóònù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dún lẹ́ẹ̀kan náà.

Adégòkè, ẹgbẹ̀rún méje náírà. Olúṣẹ̀yẹ, ẹgbẹ̀rún márùn-ún ààbọ̀. Mùyídéènì, òdo.

Ó wo òdo náà. Ibì kan wà nínú áàpù náà tí wọ́n ti lè yọ ẹni tí kò ní sanwó. Ọ̀gá onífóònù fi odidi ọjọ́ mẹ́ta yẹ ẹ̀rọ wò, kò rí ibẹ̀; tíṣà oníbíà rí i láàárín ìṣẹ́jú kan.

"Ta ló yọ mí?"

"Mùyí, jọ̀ọ́, fi sílẹ̀," ni Adégòkè wí. "Oṣù mẹ́rin péré ni."

"Òkú ni kì í san owó oúnjẹ." Ohùn Mùyídéènì kò lọ sókè. "Wúrà ni kò jẹun mọ́. Èmi jẹun. Ẹ kọ mí síbẹ̀."

Ìyá Ẹniọlá tó ń palẹ̀ àwo mọ́ dúró. Adégòkè ń wo tábìlì. Olúṣẹ̀yẹ ló fa fóònù mọ́ra, ó tẹ̀ ẹ́, ti Mùyídéènì sì dún: ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Ó fi í ránṣẹ́ sí akáǹtì Olúṣẹ̀yẹ lójú ẹsẹ̀.

"Kò pé," ni Olúṣẹ̀yẹ wí.

"Kí ni kò pé?"

"Ẹran méjì lo jẹ. Inú àwo mi lo ti mú ìkejì. Mo ti fi í sórúkọ ara mi tẹ́lẹ̀, àmọ́ bó o bá ní o fẹ́ sanwó, san án pé. Ẹgbẹ̀rún kan ló kù. Alájẹkì!"

"Irọ́ lò ń pa! Ìgbà wo ni mo mú ẹran rẹ?"

"O mú un," ni Adégòkè wí. "Èmi náà rí ọ."

Mùyídéènì lanu láti jiyàn, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bọ́ jáde. Kò tíì rín in tán tí ẹkún fi gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ó gbórí lé tábìlì níwájú gbogbo àwọn tó ń jẹun, ó sun ẹkún oṣù mẹ́rin. Ó dùn ún, ó dùn ún wọra. Adégòkè gbọ́wọ́ lé e lẹ́yìn. Olúṣẹ̀yẹ jókòó tì í, ó ń dúró de ẹgbẹ̀rún kan rẹ̀.